Àbùkù Tí Oògùn Nìkan Kò Lè Wẹ̀ Nù: Àgbéyẹ̀wò Kẹ́míkà Ọpọlọ àti Ojú Tí Àwùjọ Fi Ń Wo Àárẹ̀ Rẹ̀

Láti ìgbà tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí oògùn tó ń mú wèrè rọlẹ̀, ìyẹn láàárín ọdún 1949 sí 1957, ni ọ̀rọ̀ méjì ti ń rìn pọ̀ nínú ìwé wọn. Àkọ́kọ́ ni pé àárẹ̀ ọpọlọ, gẹ́gẹ́ bí àárẹ̀ ẹ̀dọ̀ tàbí ti kíndìnrín, ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara tó fà á, ohun náà kò sì ṣẹ̀yìn àwọn kẹ́míkà tí sẹ́ẹ̀lì inú orí fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Èkejì ni pé bí aráyé bá ti lè mọ èyí, ojú àbùkù tí wọ́n fi ń wo ẹni tí àárẹ̀ náà ń ṣe yóò yí padà, nítorí pé kò sí ẹni tó ń fi ẹ̀jẹ̀ ríru bú ọmọnìkejì rẹ̀. Bí a bá tọ ọ̀rọ̀ méjèèjì lẹ́sẹ̀ dé ibi tí ẹ̀rí mú wọn dé, a óò rí i pé òótọ́ pọ̀ nínú àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ náà díjú ju bí wọ́n ṣe ń polówó rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èkejì kò rí bí a ti lérò. Ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe òǹwòran nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé igi kan tí àwọn oníṣègùn rẹ̀ ti ń lò tipẹ́ bá ìtàn kẹ́míkà ọpọlọ tan, ìlú rẹ̀ kan sì ti dán ọ̀nà mìíràn láti gbógun ti àbùkù náà wò láti ọdún 1954.

Ọpọlọ ènìyàn ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 86 sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn kiri. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kò lẹ̀ mọ́ ara wọn; àlàfo bíńtín tí ojú lásán kò lè rí ló wà láàárín ọ̀kan àti èkejì, nígbà tí ìròyìn bá sì dé etí àlàfo náà gẹ́gẹ́ bí agbára mànàmáná, sẹ́ẹ̀lì tó gbé e wá yóò tú kẹ́míkà díẹ̀ sínú àlàfo, kẹ́míkà náà yóò sọdá, yóò so mọ́ ibi tí a dá fún un lára sẹ́ẹ̀lì kejì, yóò sì mú kí ìyẹn ta jí tàbí kó dákẹ́. Kẹ́míkà tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni a ń pè ní kẹ́míkà ońṣẹ́. Otto Loewi ló fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1921 ní ìlú Graz ní ilẹ̀ Austria, nígbà tó ru iṣan tó ń dẹ ìlù ọkàn àkèré kan sókè, tó bu omi tó yí ọkàn náà ká sórí ọkàn àkèré mìíràn, tí ọkàn kejì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra lù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan iṣan tirẹ̀. Lára àwọn ońṣẹ́ tí a ti dá mọ̀ láti ìgbà náà ni dopamine, tó ní ọwọ́ nínú ìwúrí àti nínú bí ara ṣe ń rìn. Serotonin, tó kan oorun, oúnjẹ àti bí inú ṣe ń rí. Noradrenaline, tó ń mú ara wà lójúfò. Glutamate, tó ń ta sẹ́ẹ̀lì jí. Àti GABA, tó ń mú wọn rọlẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní iṣẹ́ kan ṣoṣo, nítorí náà ẹni tó bá pe ọ̀kan ní kẹ́míkà ayọ̀, tó pe èkejì ní kẹ́míkà adùn, ti sọ ohun tó dùn ún gbọ́ létí ju bó ṣe péye lọ. Serotonin tí gbogbo ènìyàn ń dárúkọ yìí, nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni kò sí nínú orí rárá, inú ìfun ló wà.

Bí ayé ṣe wá mọ̀ pé kẹ́míkà wọ̀nyí kan wèrè kò ṣẹ̀yìn àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀. Igi kan wà tí àwọn Yorùbá ń pè ní asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn adáhunṣe máa ń fi gbòǹgbò rẹ̀ tọ́jú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, tí aláìsàn yóò mu ún, tí yóò sùn fún ìgbà pípẹ́, tí ìbínú àti ìsáré-káàkiri rẹ̀ yóò sì wálẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀. Igi mìíràn tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Íńdíà, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń fi í ṣe níbẹ̀, èyí tí àwọn dókítà Íńdíà méjì, Sen àti Bose, kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1931. Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé iṣẹ́ oògùn Ciba ní ìlú Basel ní Switzerland yọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú gbòǹgbò ti Íńdíà jáde, wọ́n pè é ní reserpine, ohun kan náà ló sì wà nínú asofẹ́yẹjẹ. Nathan Kline lò ó fún àwọn aláìsàn ọpọlọ ní New York, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1954. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ láti Canada tó ṣiṣẹ́ láàárín àwọn Yorùbá, kọ̀wé nípa bí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣe ti ń lo igi náà láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun tí reserpine ń ṣe gan-an nínú orí, ni ilẹ̀kùn ṣí. Wọ́n rí i pé ńṣe ló ń tú ibi tí sẹ́ẹ̀lì ń kó serotonin, noradrenaline àti dopamine pamọ́ sí, tí kò ní í ku ohun tí wọn yóò tú sínú àlàfo mọ́. Arvid Carlsson ní ilẹ̀ Sweden fún ehoro ní reserpine, àwọn ehoro náà sì gan pa, wọn kò lè mira. Ó wá fún wọn ní èròjà kan tí ara máa ń sọ di dopamine, wọ́n sì dìde. Àyẹ̀wò yẹn, tí a tẹ̀ jáde ní 1957, ló la ọ̀nà fún oògùn àìsàn Parkinson, ó sì wà lára ohun tó mú kí Carlsson gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2000. Ó yẹ kí a sọ ọ́ síta, nítorí pé a kì í sábà sọ ọ́: ìmọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá ń wò bí ohun àjèjì tó ti òkè òkun wá, irú gbòǹgbò tí àwọn babańlá wọn fi ń wo wèrè wà ní ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Àwọn oògùn yòókù dé láàárín ọdún díẹ̀ kan náà, ọ̀pọ̀ wọn ló sì jẹ́ pé ohun mìíràn ni a ń wá tí a fi rí wọn. John Cade ṣàwárí ìlò lithium ní Australia ní 1949 fún wèrè tó ń gbé ènìyàn sókè tó tún ń jù ú sílẹ̀. Àwọn dókítà Delay àti Deniker lo chlorpromazine fún wèrè ní Paris ní 1952. Iproniazid, oògùn tí wọ́n ń fi wo ikọ́ ẹ̀gbẹ, ń mú kí inú àwọn aláìsàn dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Roland Kuhn ní Switzerland sì rí i pé imipramine, tí a kò ṣe fún un, ń gbé ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dè mọ́lẹ̀ dìde. Lẹ́yìn èyí ni a tó wá mọ̀ pé ọ̀pọ̀ jù lọ oògùn tó ń mú ìran àti ohùn tí kò sí rọlẹ̀ lára ẹni tó ní schizophrenia, ìyẹn àárẹ̀ tó máa ń mú kí ènìyàn gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ló ń dí dopamine lọ́nà. Lóòótọ́, èyí kò túmọ̀ sí pé dopamine tó pọ̀ jù ni àárẹ̀ náà fúnra rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti díjú. Ní 1965, Joseph Schildkraut ní Amẹ́ríkà dábàá pé bóyá àìtó noradrenaline ló ń fa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àwọn mìíràn sì nawọ́ sí serotonin. Àbá lásán ni, ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Prozac, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ń ṣiṣẹ́ lára serotonin, ní òpin 1987, tí irú rẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà, àbá náà di ohun tí wọ́n ń sọ fún gbogbo ayé gẹ́gẹ́ bí òkodoro: pé kẹ́míkà ọpọlọ kò dọ́gba, oògùn yóò sì mú un dọ́gba, bí ìgbà tí iyọ̀ dín nínú ọbẹ̀ tí a sì fi kún un. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, kò yẹ kí oògùn tó ń mú serotonin pọ̀ sí i láàárín wákàtí díẹ̀ máa gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí inú aláìsàn tó yọ́. Àwọn onímọ̀ ti ń sọ èyí tipẹ́, àtúpalẹ̀ ńlá kan tí Joanna Moncrieff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2022 sì jẹ́rìí pé kò sí ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin pé serotonin tó dínkù ló ń fa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Àwọn kan sáré láti ibẹ̀ lọ sọ pé oògùn náà kò wúlò, èyí sì jẹ́ àṣìṣe tó lè pa ènìyàn, nítorí pé àpapọ̀ àyẹ̀wò 522 tí a tẹ̀ jáde ní 2018, lórí ènìyàn tó lé ní 116,000, fi hàn pé oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì 21 tí wọ́n yẹ̀ wò ló ṣiṣẹ́ ju oògùn òfo, ìyẹn èyí tí kò ní ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú, lọ, àwọn kan jù àwọn mìíràn. Pé oògùn kan wo àárẹ̀ sàn kò fi hàn pé àìtó oògùn náà ló fà á. Kò sí ẹni tí orí ń fọ́ nítorí pé Panadol tán nínú ara rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ wá gbà lónìí ni pé oògùn ń sún àwọn sẹ́ẹ̀lì láti tún bí wọ́n ṣe so mọ́ ara wọn ṣe, iṣẹ́ yẹn ló sì ń gba àkókò. Ketamine, tó ń ṣiṣẹ́ lára glutamate, máa ń mú ìrẹ̀wẹ̀sì àwọn kan fúyẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀, èyí tó tún fi hàn pé kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ọjà yìí.

Àwọn àárẹ̀ kan wà tí ohun tó fà wọ́n nínú ara hàn kedere ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ilé wèrè ní gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kún fún àwọn tálákà tí àìsàn pellagra dà lórí rú, títí Joseph Goldberger fi fi hàn pé oúnjẹ tí àgbàdo nìkan kún inú rẹ̀ ló fà á, tí a sì mọ̀ ní 1937 pé fítámì kan báyìí ni kò sí nínú rẹ̀. Rẹ́kórẹ́kó tí a kò tọ́jú máa ń wọ inú ọpọlọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, a sì máa dà á rú, kí penicillin tó sọ ọ́ di ohun tó ṣọ̀wọ́n. Àmọ́ kò sí èyí tó yẹ kí òǹkàwé Yorùbá fi ọkàn bá lọ tó àbísínwín, ìyẹn wèrè tó máa ń mú obìnrin láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ. Obìnrin kan tàbí méjì nínú ẹgbẹ̀rún tó bímọ ló ń kọ lù, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ sì wọ́pọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Nínú oyún, àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ obìnrin máa ń ga lọ́nà tí kò sí irú rẹ̀ nígbà mìíràn, nígbà tí ibi ọmọ bá sì jáde, wọ́n á já wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, allopregnanolone, máa ń ran GABA lọ́wọ́ láti mú ọpọlọ rọlẹ̀, oògùn méjì tó ń ṣiṣẹ́ ní ojú ọ̀nà kan náà sì ti gba ìfọwọ́sí ní Amẹ́ríkà fún ìrẹ̀wẹ̀sì lẹ́yìn ìbímọ, brexanolone ní 2019, zuranolone ní 2023. Obìnrin tó ń ṣe irú èyí kò bínú sí ọmọ rẹ̀, kò jẹ́ ẹ̀jẹ́ kankan tí kò san, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fẹ̀sùn àjẹ́ kàn án. Ìyípadà inú ara lẹ́yìn ìbímọ ló kó bá ọpọlọ rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ìmọ̀ kẹ́míkà lè ṣe fún àwùjọ, kò sí èyí tó yẹ kó tètè dé etí ìyá ọkọ, àwọn agbẹ̀bí àti àwọn aṣíwájú ìjọ tó èyí.

Síbẹ̀ àbùkù kì í tẹ̀lé ìmọ̀ bí a ti ń rò. Ìwádìí tí Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn tẹ̀ jáde ní 2005, lẹ́nu ènìyàn 2,040 ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Ògùn, fi hàn pé ìdá 96.5 nínú ọgọ́rùn-ún gbà pé aláìsàn ọpọlọ léwu nítorí pé ó lè ṣe ènìyàn léṣe, ìdá 82.7 ló ní ẹ̀rù yóò bà wọ́n láti bá a sọ̀rọ̀, ìdá 16.9 péré ló sì lè ronú láti fẹ́ ẹ. Èyí tó kẹ́yìn yìí kò ní yà ẹnikẹ́ni tó bá mọ bí ìdílé Yorùbá ṣe ń wádìí kí wọ́n tó gba àna lẹ́nu, tí wọ́n máa ń bèèrè bóyá wèrè, wárápá tàbí ẹ̀tẹ̀ wà nínú ẹbí náà. Bí wọ́n bá rí ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó parí, kò sí alálàyé tó lè tún un dá sílẹ̀. Ìgbàgbọ́ pé wèrè kì í san tán pátápátá, pé ó kéré tán yóò ku èyí tí yóò fi máa dẹ́rù ba ọmọdé, wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà débi pé ẹni tó ti gba ìwòsàn ní ogún ọdún sẹ́yìn ṣì ń gbọ́ ọ bí ó bá kàn bínú bí ẹlòmíràn ti ń bínú.

Àwọn ará Amẹ́ríkà rò pé ẹ̀kọ́ nípa kẹ́míkà yóò pa irú àbùkù yìí. Bernice Pescosolido àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ohun tí àwọn ènìyàn sọ ní 1996 wé ti 2006: ìdá àwọn tó gbà pé ọ̀rọ̀ ọpọlọ àti kẹ́míkà ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn gùn láti 54 dé 67 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó ní kí aláìsàn lọ rí dókítà sì pọ̀ sí i. Ohun tí kò yí padà ni bóyá wọ́n fẹ́ kí ẹni náà jẹ́ aládùúgbò wọn, kí ó bá wọn ṣiṣẹ́, kí ó fẹ́ ọmọ wọn. Ní àwọn ibì kan, ẹni tó gba ọ̀rọ̀ kẹ́míkà gbọ́ tilẹ̀ sá fún aláìsàn ju ẹni tí kò gbà á gbọ́ lọ. Ìwádìí mìíràn tí a tẹ̀ jáde ní 2014 fi irọ́ sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti rẹ̀wẹ̀sì rí pé àyẹ̀wò fi hàn pé kẹ́míkà wọn kò dọ́gba. Ọ̀rọ̀ náà kò dín bí wọ́n ṣe ń dá ara wọn lẹ́bi kù, ńṣe ni wọ́n gbà pé àárẹ̀ àwọn yóò pẹ́, tí wọ́n sì ṣiyèméjì pé àwọn lè ṣe ohunkóhun sí i.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ohun tí a bá ní ó wà nínú ẹran ara ènìyàn ni a ń rí bí ohun tí kò lè kúrò. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ewu náà pọ̀ ju ti Amẹ́ríkà lọ, nítorí pé ìpín mẹ́ta tí àwọn oníṣègùn ti máa ń pín wèrè sí, èyí tí a mú tọ̀run wá, èyí tí ayé fi ṣe ni, àti wèrè ìran, ti wà nílẹ̀ kí onímọ̀ kẹ́míkà tó dé, nígbà tó bá sì dé tó wí pé ọpọlọ ló ń dàrú, etí tó ń gbọ́ ọ lè kàn gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìpín kẹta, kí wọ́n sì sọ pé ìran ni, ẹ má fẹ́ wọn. Òótọ́ mìíràn tún wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́: ìwádìí tí àwọn Gureje kan náà ṣe fi hàn pé àwọn tó gbà pé ayé tàbí ẹ̀mí ló fa wèrè ni ojú wọn le sí aláìsàn jù. Nítorí náà, kì í ṣe pé kí a padà sí ìgbàgbọ́ àtijọ́. Ohun tó tọ́ láti sọ ni pé kẹ́míkà ọpọlọ máa ń yí padà, pé ìyà, ebi, igbó, oorun tó dínkù àti ọ̀fọ̀ máa ń yí i, oúnjẹ, ìtọ́jú, ọ̀rọ̀ ìtùnú àti iṣẹ́ ọwọ́ náà sì ń yí i, àti pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ rẹ̀ lónìí lè yá lọ́la.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán, nítorí pé Abẹ́òkúta ti fi ṣe ìṣe. Ṣáájú ọdún 1954, ibi ìhámọ́ ni ilé wèrè tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀, bíi ti Yaba tó ṣí ní 1907, jẹ́. Thomas Adéoyè Lambo, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, tó sì kọ́ ìṣègùn ọpọlọ ní London, dé Aro ní Abẹ́òkúta ní ọdún náà, ilé ìwòsàn tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ kò sì tíì parí. Kò dúró dè é. Ó bá àwọn baálẹ̀ abúlé tó yí ibẹ̀ ká sọ̀rọ̀, àwọn ará abúlé sì gba aláìsàn sílé, ní ìlànà pé ó gbọdọ̀ bá ìyá, arákùnrin tàbí ìbátan mìíràn wá tí yóò máa dáná fún un, tí yóò sì máa mú un lọ síbi ìtọ́jú. Ní òwúrọ̀ wọ́n á lọ gba chlorpromazine tàbí ìtọ́jú mìíràn ní ilé ìwòsàn, ní ọ̀sán wọ́n á padà sí abúlé, sí oko, sí ijó àti sí ìjókòó ìrọ̀lẹ́; Lambo sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́. Aláìsàn gba kẹ́míkà, kò sì kúrò láàárín ènìyàn. Àwọn ará abúlé tó ń wò ó lójoojúmọ́ rí i bó ṣe ń yá, èyí tí ìwé kankan kò lè fi hàn wọ́n. Lẹ́yìn náà, nínú ìwádìí Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí schizophrenia ní ìlú mẹ́sàn-án, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 1960 sí 1969, Ìbàdàn wà lára ibi tí ara àwọn aláìsàn ti yá jù lẹ́yìn ọdún méjì. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹbí tí kò kọ ẹni wọn sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ́kọ́ tọ́ka sí.

Òfin ló pẹ́ jù lẹ́yìn. Òfin wèrè tí Nàìjíríà jogún láti ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1916, ń tọ́jú àwùjọ kúrò lọ́wọ́ aláìsàn ju bó ṣe ń tọ́jú aláìsàn lọ, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí Ààrẹ Buhari fi buwọ́ lu Òfin Ìlera Ọpọlọ ní oṣù kìíní 2023, èyí tó ka dídẹ́yẹ sí aláìsàn nípa ilé àti iṣẹ́ sí ohun tí kò tọ́. Apá 327 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, tó lè rán ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan, jẹ́ irú ìyà tí kò tọ́ sí ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dè mọ́lẹ̀. Ní 2019, Human Rights Watch tẹ ìròyìn jáde nípa àwọn aláìsàn tí wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè mọ́lẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba, ilé àdúrà àti ilé oníṣègùn ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ohun tí a bá ṣe nípa ilé àdúrà àti ilé oníṣègùn wọ̀nyẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ń kọ́kọ́ dé, tí wọn yóò sì máa dé títí dókítà ọpọlọ yóò fi tó, èyí tí kò ní í ṣẹlẹ̀ kíákíá ní orílẹ̀-èdè tó ní ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 200. Àyẹ̀wò kan tí Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2020 mú aláìsàn 307 ní Nàìjíríà àti Ghana, tí wọ́n wà lọ́wọ́ irú àwọn olùtọ́jú bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé láti máa lọ bá wọn níbẹ̀, kí wọ́n fún aláìsàn ní oògùn, kí oníṣègùn àti aṣíwájú ìjọ sì máa bá àdúrà àti ìtọ́jú tiwọn lọ, láìsí lílù àti dídè. Àwọn tó gba ìtọ́jú alájọṣe yìí yá ju àwọn tó wà bí wọ́n ti ń wà tẹ́lẹ̀ lọ, owó rẹ̀ kò sì wọ́n jù. Ìwà ìfìyàjẹni dínkù gidigidi ní ìhà méjèèjì, títí kan ibi tí òṣìṣẹ́ ìlera kò ti lọ fún ìtọ́jú alájọṣe.